Ọ̀rọ̀ Díẹ̀, Agbára Ńlá: Bí Àwọn Ààrẹ Àkọ́kọ́ Ṣe Fún Ìwé Òfin Amẹ́ríkà Ní Ìtumọ̀

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, àti ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tí ẹ ti gba oyè yín lọ, mo mọ ìbéèrè tí ẹ máa kọ́kọ́ bi mí: kí ló pa ọmọ ẹ̀dá-èdè pọ̀ mọ́ àwọn ààrẹ Amẹ́ríkà? Ìdáhùn mi kò gùn. Láti ọdún kìíní ni wọ́n ti ń kọ́ wa pé ọ̀rọ̀ kì í dá ìtumọ̀ rẹ̀ gbé, pé ìlò ló ń sọ ohun tí ọ̀rọ̀ yóò jẹ́. N kò tíì rí ibi tí èyí ti hàn kedere tó bí ó ṣe hàn nínú nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún àkọ́kọ́ tí Amẹ́ríkà fi ní ààrẹ.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí ìwé náà fúnra rẹ̀. Ní ọdún 1787 ni wọ́n kọ ìwé òfin Amẹ́ríkà ní ìlú Philadelphia. Gbogbo rẹ̀, kí wọ́n tó fi àtúnṣe kankan kún un, kò ju nǹkan bí 4,500 ọ̀rọ̀ lọ. Iṣẹ́ àpilẹ̀kọ tí àwa ọmọ ọdún ìkẹyìn ń kọ lọ́wọ́ yìí gùn jù ú lọ dáadáa. Apá tó sọ̀rọ̀ nípa ààrẹ kéré sí i. Kò sọ bí a ó ṣe máa kí ààrẹ. Kò sọ ẹni tí yóò máa bá dámọ̀ràn lójoojúmọ́. Kò sọ bóyá ó lè ra ilẹ̀ lọ́wọ́ orílẹ̀-èdè mìíràn. Kò sì sọ iye ìgbà tó lè dé ipò náà. Gbogbo àlàfo wọ̀nyí ni àwọn ààrẹ àkọ́kọ́ fi ìṣe wọn dí, ohun tí wọ́n ṣe sì di ìtumọ̀ fún àwọn tó wá lẹ́yìn wọn.

Kí la ó máa pè é?

Ọjọ́ 30 oṣù Kẹrin ọdún 1789 ni wọ́n búra fún George Washington ní ìlú New York. Àríyànjiyàn tó gba àwọn aṣòfin lọ́kàn ní ọ̀sẹ̀ wọ̀nyẹn kì í ṣe ti owó tàbí ti ogun. Ti orúkọ ni. John Adams, igbákejì ààrẹ, gbà pé bí olórí ìjọba kò bá ní orúkọ àpọ́nlé tó kún ẹnu, àwọn ọba Yúróòpù kò ní kà á sí. Ìgbìmọ̀ kan ní ilé aṣòfin àgbà dábàá orúkọ gígùn kan tó fẹ́ẹ̀ dà bí ìgbà tí a bá ń ki ọba: wọn ní kí wọ́n máa pè é ní Ọlọ́lá, Ààrẹ Orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, Olùdáàbòbò Òmìnira Wọn. Ilé aṣojú-ṣòfin kọ̀ jálẹ̀. Ní ọjọ́ 14 oṣù Karùn-ún, ilé àgbà juwọ́ sílẹ̀ kí ìṣọ̀kan lè wà, wọ́n sì fi í sílẹ̀ ní “President” lásán. Àwọn kan tilẹ̀ fi Adams, tí ara rẹ̀ kún díẹ̀, ṣe yẹ̀yẹ́ pé òun ni kí wọ́n máa pè ní Ọlọ́lá Rọ̀bọ̀tọ̀.

Ọ̀rọ̀ kékeré ni “president” nígbà náà. Láti inú èdè Látìnì ló ti wá, ohun tó sì túmọ̀ sí ni ẹni tó jókòó síwájú àwọn yòókù. Olórí ìpàdé àti olórí ẹgbẹ́ ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Adams gan-an ráhùn pé àwọn ẹgbẹ́ panápaná àti ẹgbẹ́ eléré kíríkẹ́ẹ̀tì náà ní president tiwọn. Àwọn tó mú ọ̀rọ̀ kékeré yìí mọ ohun tí wọ́n ń ṣe: wọn kò fẹ́ ọba mọ́.

Ẹ wá wo ohun tí àwa Yorùbá ṣe sí i. A pe president ní Ààrẹ. Oyè ogun Ọ̀yọ́ ni ọ̀rọ̀ náà ń mú wá sọ́kàn, nítorí Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò ni olórí àwọn jagunjagun. Bí a bá tẹ̀ lé ìtumọ̀ tí àwọn ará Amẹ́ríkà fẹ́, “Alága” ni ìbá súnmọ́ ọn jù. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe kọ́ọ̀sì ìtumọ̀-èdè ní sáà yìí, ẹ gbé e yẹ̀ wò: ọ̀rọ̀ tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ ní ọ̀hún, a gbé e sókè, a sì di idà mọ́ ọn nídìí.

Kí ni “pọn dandan”?

Ìwé òfin náà kò dá ìgbìmọ̀ àwọn mínísítà sílẹ̀. Ohun tó sọ ni pé ààrẹ lè béèrè èrò àwọn olórí ilé iṣẹ́ ìjọba ní kíkọ sílẹ̀, àti pé yóò gba ìmọ̀ràn ilé aṣòfin àgbà lórí àdéhùn pẹ̀lú àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1789, Washington fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ sí ilé aṣòfin àgbà láti gba ìmọ̀ràn nípa àdéhùn pẹ̀lú àwọn ẹ̀yà Íńdíà ìhà gúúsù. Àwọn aṣòfin ní àwọn fẹ́ gbé ọ̀rọ̀ náà fún ìgbìmọ̀ kékeré kí wọ́n tó dáhùn. Inú bí Washington. Ó padà wá lẹ́ẹ̀kan sí i láti parí ọ̀rọ̀ ọjọ́ náà, lẹ́yìn èyí kò tún wá gba irú ìmọ̀ràn bẹ́ẹ̀ níbẹ̀ mọ́. Àwọn mẹ́rin tó wà nítòsí rẹ̀ ló yíjú sí: Thomas Jefferson fún ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè, Alexander Hamilton fún owó, Henry Knox fún ogun, àti Edmund Randolph agbẹjọ́rò ìjọba. Báyìí ni “ìmọ̀ràn ilé àgbà” ṣe di pé kí wọ́n dìbò lórí àdéhùn tí ààrẹ ti ṣe tán, tí ìgbìmọ̀ àwọn mínísítà sì di ara ìjọba láìsí pé ẹnikẹ́ni kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé òfin.

Nínú ìgbìmọ̀ yìí ni ìjà ìtumọ̀ tó dùn mọ́ mi jù ti bẹ́. Hamilton fẹ́ dá báǹkì orílẹ̀-èdè sílẹ̀. Kò sí ibi tí ìwé òfin ti mẹ́nu kan báǹkì, ṣùgbọ́n ó fún ilé aṣòfin lágbára láti ṣe òfin tó bá pọn dandan tí ó sì yẹ fún iṣẹ́ wọn. Jefferson ní ohun tó pọn dandan ni ohun tí a kò lè ṣe aláìní, bí ènìyàn kò ṣe lè ṣe aláìmí. Ìjọba sì lè gba owó orí láìní báǹkì. Hamilton ní rárá, pé bí àwọn ènìyàn ṣe ń lo ọ̀rọ̀ náà lójoojúmọ́, ohun tó wúlò tàbí tó ń ranni lọ́wọ́ ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Àwa náà ń ṣe é. Bí ọ̀rẹ́ rẹ bá ní “dandan ni kí n rà dátà lónìí,” ìwọ náà mọ̀ pé kò ní kú bí kò bá rà á. Washington ka ìwé àwọn méjèèjì, ó sì bu ọwọ́ lu òfin báǹkì ní ọjọ́ 25 oṣù Kejì ọdún 1791. Ogún ọdún ni wọ́n fún báǹkì náà.

Ọ̀rọ̀ tí a yọ sílẹ̀

Nígbà mìíràn, ọ̀rọ̀ tí kò sí nínú ìwé ló ń ṣiṣẹ́ jù. Nígbà tí ogun bẹ́ láàárín ilẹ̀ Faransé àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1793, Washington kéde ní ọjọ́ 22 oṣù Kẹrin pé Amẹ́ríkà kò ní gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni nínú wọn. Ìkéde Àìdásí ni gbogbo ayé ń pè é títí dòní. Síbẹ̀, bí ẹ bá ka ìkéde náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, ẹ kò ní rí ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń lò fún àìdásí níbẹ̀. Jefferson ni kò fẹ́ kó wọ ibẹ̀. Ohun tí wọ́n kọ ni pé ìwà ọ̀rẹ́ àti ìwà àìṣojúsàájú ni Amẹ́ríkà yóò hù sí àwọn méjèèjì. Àwọn ènìyàn ka ohun tí a kò kọ, wọ́n sì fi sọ ọ́ lórúkọ.

Ọ̀rọ̀ mìíràn tó ṣọnù nínú ìwé òfin náà wúwo jù báyìí lọ. Kò sí ọ̀rọ̀ “ẹrú” nínú ìwé tí wọ́n kọ ní 1787, bẹ́ẹ̀ ni òwò ẹrú àti níní ẹrú wà nínú rẹ̀ lọ́nà mẹ́ta ó kéré tán. “Àwọn ẹni tí a dè mọ́ iṣẹ́” àti “àwọn ẹni mìíràn” ni wọ́n ń kọ. A mọ ọ̀rọ̀ àdàpè. A máa ń sọ pé ilẹ̀ ta ọba nípàá kí a má baà sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an. Ṣùgbọ́n àdàpè ti ọ̀hún ní ẹ̀wọ̀n nínú. Ní ọdún 1793 kan náà, Washington bu ọwọ́ lu òfin tó fún olówó ẹrú lágbára láti lọ mú ẹrú tó bá sá ní ìpínlẹ̀ yòówù kó wà.

Ọ̀kan nínú àwọn tí òfin yìí lé ni Ona Judge, ọ̀dọ́mọbìnrin tó ń ṣiṣẹ́ ẹrú fún Martha, ìyàwó Washington. Òfin ìpínlẹ̀ Pennsylvania lè sọ ẹrú tó bá gbé ibẹ̀ fún oṣù mẹ́fà di òmìnira, nítorí náà ni wọ́n ṣe máa ń kó àwọn ẹrú ilé ààrẹ jáde ní ìpínlẹ̀ náà kí oṣù mẹ́fà tó pé, wọn a sì tún kó wọn padà. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1796, Ona Judge sá kúrò ní Philadelphia lọ sí Portsmouth ní New Hampshire. Washington rán ènìyàn láti mú un padà, kò ṣeé ṣe. Ọdún 1848 ló kú, lójú òfin ẹrú ni títí tó fi kú. Nínú àwọn ààrẹ márùn-ún àkọ́kọ́, Adams nìkan ni kò ní ẹrú. Bí a bá ń sọ pé ìlò ló ń fún ọ̀rọ̀ ní ìtumọ̀, ó yẹ ká máa béèrè ẹni tó wà nínú yàrá nígbà tí wọ́n ń lò ó. Ona Judge kò sí níbẹ̀.

Ní ọdún tí ó sá yẹn náà ni Washington ṣe ohun tó wọ orílẹ̀-èdè náà lára jù. Ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹsàn-án, ìwé ìròyìn kan ní Philadelphia tẹ lẹ́tà ìdágbére rẹ̀ jáde. “Ọ̀rọ̀ ìdágbére” ni wọ́n ń pè é, ṣùgbọ́n kò fi ẹnu sọ ọ́ níbì kankan. Ó ní òun kò ní díje mọ́ lẹ́yìn sáà méjì. Òfin kankan kò lé e. Jefferson, Madison àti Monroe náà lo sáà méjì wọ́n sì lọ, títí ó fi di àṣà tí ẹnikẹ́ni kò já fún ohun tó lé ní ogóje ọdún. Franklin Roosevelt ló já a, ẹni tó wọlé ní ẹ̀ẹ̀mẹrin. Ní ọdún 1951 ni wọ́n tó kọ àṣà náà sínú ìwé òfin gẹ́gẹ́ bí àtúnṣe kejìlélógún.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ di ẹ̀ṣẹ̀

John Adams gba ipò ní oṣù Kẹta ọdún 1797, ìjà pẹ̀lú ilẹ̀ Faransé ló sì bá lórí àga. Àwọn aṣojú tó rán lọ sí Paris padà wá sọ pé àwọn kan bèèrè rìbá kí wọ́n tó lè rí mínísítà ilẹ̀ náà. Adams fi lẹ́tà álífábẹ́ẹ̀tì bo orúkọ àwọn tó bèèrè rìbá náà, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pe ọ̀rọ̀ náà ní XYZ. Inú bí ará ìlú, ẹgbẹ́ Federalist tó wà níjọba sì lo ìbínú náà ní ọdún 1798 láti ṣe àwọn òfin kan. Àjèjì tó fẹ́ di ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà yóò dúró fún ọdún 14 dípò 5. Ẹni tó bá kọ ohun tí wọ́n kà sí irọ́ àti ìbanilórúkọjẹ́ nípa ìjọba, ilé aṣòfin tàbí ààrẹ lè fi ẹ̀wọ̀n ọdún méjì jura, kó tún san owó ìtanràn tó tó 2,000 dọ́là.

Ẹ kíyè sí ẹni tí òfin náà kò dárúkọ: igbákejì ààrẹ. Jefferson, olórí ẹgbẹ́ alátakò, ló wà ní ipò yẹn. Ẹ lè bú u bó ṣe wù yín. Aṣòfin Matthew Lyon láti Vermont ṣe ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́rin nítorí ohun tó kọ nípa Adams, ó sì san 1,000 dọ́là. Inú ẹ̀wọ̀n ló wà tí àwọn ará àdúgbò rẹ̀ fi tún dìbò yàn án.

Ṣùgbọ́n Adams kan náà ni kò jẹ́ kí ogun bẹ́. Àwọn alágbára inú ẹgbẹ́ rẹ̀ ń fẹ́ ogun, òun rán aṣojú mìíràn lọ, wọ́n sì fi ọwọ́ sí àdéhùn àlàáfíà ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1800. Ẹgbẹ́ rẹ̀ fọ́ mọ́ ọn lórí, ó sì fìdí rẹmi nínú ìbò ọdún náà. Ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹta ọdún 1801, ó kúrò nílùú láàárọ̀ kùtù, kò dúró wo ìbúra Jefferson. Bó ti wù kó rí, ó lọ. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ẹgbẹ́ kan gbé ìjọba àpapọ̀ lé ẹgbẹ́ mìíràn lọ́wọ́ níbẹ̀ láìsí ìtàjẹ̀sílẹ̀.

Ẹni tó ka òfin lẹ́yọ-lẹ́yọ ra ilẹ̀ rẹpẹtẹ

Jefferson, ẹni tó jà lórí “pọn dandan”, wá dórí àga fúnra rẹ̀. Ó rán àwọn aṣojú lọ ra New Orleans àti àyíká rẹ̀ lọ́wọ́ Faransé. Napoleon ní òun yóò ta gbogbo Louisiana: nǹkan bí 828,000 máìlì onígun-mẹ́rin ní mílíọ̀nù 15 dọ́là. Ilẹ̀ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ Amẹ́ríkà di ìlọ́po méjì. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé àwọn ẹ̀yà Íńdíà ló ń gbé orí èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀, kò sì sí ẹni tó bi wọ́n.

Jefferson mọ̀ pé ìwé òfin kò sọ pé ààrẹ lè ra ilẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ àtúnṣe tí wọn ì bá fi kún un. Nígbà tó gbọ́ pé Napoleon lè yí ọkàn padà, ó gbé àtúnṣe náà tì. Ilé àgbà fọwọ́ sí àdéhùn náà ní oṣù Kẹwàá ọdún 1803 pẹ̀lú ìbò 24 sí 7. Ẹnu ẹni tó ní kí a má fa ọ̀rọ̀ gùn ni ọ̀rọ̀ ti gùn jù.

Kí ló dé tí Napoleon fi tà á? Ìdí pàtàkì kan wà ní erékùṣù Saint-Domingue, tí a mọ̀ sí Haiti lónìí. Àwọn ẹrú ibẹ̀ dìde, wọ́n sì ṣẹ́gun ọmọ ogun tí Napoleon kó wá, ibà pọ́njú náà sì bá wọn pa ọ̀pọ̀. Láìsí erékùṣù yẹn, Louisiana kò wúlò fún un mọ́. Àwọn ènìyàn wa wà lára àwọn ẹrú náà: orúkọ Nago ṣì wà nínú ẹ̀sìn Vodou ní Haiti títí dòní, Ògún sì wà níbẹ̀. Jefferson jèrè ìṣẹ́gun wọn, ṣùgbọ́n kò gba Haiti gẹ́gẹ́ bí orílẹ̀-èdè. Ọdún 1862, ní ayé Abraham Lincoln, ni Amẹ́ríkà tó gbà á.

Ìdí tí Yorùbá fi pọ̀ ní Bahia ju Virginia lọ

Ìpinnu Jefferson mìíràn kan ẹ̀ka wa gbọ̀ngbọ̀n. Ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹta ọdún 1807, ó bu ọwọ́ lu òfin tó ka kíkó ẹrú wọ Amẹ́ríkà láti òkèèrè léèwọ̀, bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ 1 oṣù Kìíní ọdún 1808. Ìwé òfin ti dè wọ́n lọ́wọ́ pé wọn kò gbọdọ̀ ṣe é ṣáájú ọdún náà. Òfin yìí kò dá ẹrú kankan tó wà níbẹ̀ sílẹ̀, òwò ẹrú láàárín ìpínlẹ̀ sì ń bá a lọ.

Ẹ fi ọdún yẹn wé ìtàn tiwa. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni ogun fọ́ Ọ̀yọ́ pátápátá, tí wọ́n sì kó ènìyàn wa lẹ́rú lọ́pọ̀ yanturu. Ọdún 1821 ni wọ́n mú Àjàyí Crowther. Nígbà náà, èbúté Amẹ́ríkà ti wà ní títì lójú òfin, ti Brazil àti Cuba ṣì ṣí sílẹ̀. Ìdí pàtàkì kan nìyí tí a fi ń gbọ́ èdè wa nínú orin òrìṣà ní Bahia àti Havana, tí a kò fi rí irú rẹ̀ nínú ogún àwọn aláwọ̀ dúdú Virginia. Àwọn kan ṣì fi fàyàwọ́ kó ènìyàn wọ ibẹ̀: nígbà tí ọkọ̀ Clotilda dé Mobile ní Alabama ní ọdún 1860, Yorùbá wà nínú rẹ̀.

Madison gbà fún ìlò

James Madison ni mo fi ṣe ìkẹyìn. Òun ni wọ́n ń pè ní bàbá ìwé òfin, òun náà sì ni ó bá báǹkì Hamilton jà jù ní ilé aṣojú-ṣòfin ní 1791. Ọdún ogún pé ní 1811, báǹkì náà kógbá sílé. Ogun bẹ́ pẹ̀lú Gẹ̀ẹ́sì ní oṣù Kẹfà ọdún 1812, owó ogun sì di ìṣòro. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1814, ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì dáná sun ilé ààrẹ. Ní 1816, Madison bu ọwọ́ lu òfin báǹkì kejì.

Àlàyé rẹ̀ ló yẹ kí a máa kà ní kíláàsì wa. Ó ti sọ ṣáájú pé ilé aṣòfin, àwọn ààrẹ, ilé ẹjọ́ àti ará ìlú ti gba báǹkì náà láyè fún ọdún púpọ̀, nítorí náà ìbéèrè bóyá ó bá òfin mu ti parí lójú òun. Ẹni tó bá wọn kọ ìwé náà gbà pé èrò òun nígbà tí òun ń kọ ọ́ kọ́ ló ń pàṣẹ mọ́. Bí àwọn ènìyàn ṣe lò ó ti sọ ìtumọ̀ rẹ̀.

Ní ọdún 1979, Nàìjíríà fi ètò ìjọba tí a jogún lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì sílẹ̀, a mú irú ti Amẹ́ríkà. A yá ọ̀rọ̀ wọn: ààrẹ, ilé àgbà, sáà mẹ́rin-mẹ́rin. A kò lè yá ọdún tí wọ́n fi lò ó. Ohun tí Washington fi ìlọ rẹ̀ sọ, inú ìwé ni àwa ní láti kọ ọ́ sí láti ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tí wọ́n gbé àbá sáà kẹta wá, ilé aṣòfin àgbà wa dà á nù ní ọjọ́ 16 oṣù Karùn-ún ọdún 2006. Lójú tèmi, ọjọ́ yẹn ni ọ̀rọ̀ “sáà méjì” di ọ̀rọ̀ tó ní ìtumọ̀ níbí, nítorí àwọn ènìyàn dán an wò, ó sì dúró. Ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ inú ìwé òfin tiwa ni a kò tíì dán wò bẹ́ẹ̀. Bí àríyànjiyàn bá tún bẹ́ ní Àbújá lórí ohun tí gbólóhùn kan túmọ̀ sí, ẹ má fi í sílẹ̀ fún àwọn agbẹjọ́rò nìkan. Iṣẹ́ tiwa náà ni.